Yàrá Ẹ̀gbẹ́ Balùwẹ̀

Ní agbo ilé wa ní Ṣakí, tí ọkùnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀ nígbà tí ilé rẹ̀ kò jò, tí ọmọ rẹ̀ kò sì tíì dàgbà tó ẹni tí ń gbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ kì í béèrè ohun tó fẹ́ fi amọ̀ ṣe. Ó ti mọ̀. Ẹlòmíràn ń bọ̀ wá bá a nínú ilé ni.

Ìdí nìyẹn tí àyà Àwáwù fi já lọ́sàn-án ọjọ́ tó ti oko ẹ̀pà dé, tó bá Ràsáàkì ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú amọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọdún tí àwọn ṣọ́jà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá ni, tí mọ́tò àwọn olóṣèlú ń pariwo káàkiri ìlú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ariwo wọn ni kò jẹ́ kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àdìjátù, àkọ́bí, ń rọ omi sí amọ̀. Ọ̀ṣẹ́nì tó tẹ̀ lé e ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àmúdà àbíkẹ́yìn ti fi amọ̀ kun ara rẹ̀ títí dé imú. Ràsáàkì alára jókòó lórí àpótí, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì yí amọ̀ róbótó-róbótó, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ràsáàkì yìí ṣe rí, nítorí ògiri kan ló wà láàárín ilé tiwa àti tiwọn, díẹ̀ sì ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí n kì í rí. Èèyàn dáadáa ni. Ó ń roko, ó ń gbọ́ bùkátà, kì í gbé ọwọ́ sókè sí obìnrin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ń bá ọmọ ṣiṣẹ́ ilé. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn ti já láti ìgbà tí wọ́n ń sọ Àmúdà lórúkọ, okùn ni Àwáwù fi ń so ó mọ́ òpó títí di ọjọ́ tí mò ń wí yìí. Òun ló wá di bíríkìlà lójijì, tó kó ọmọ mẹ́ta tira? Èmi gan-an tí mo yọjú wò wọ́n lórí ògiri, ó kọ mí lóminú.

"Kí lẹ ń ṣe níbí?" Àwáwù bi wọ́n, igbá ẹ̀pà ṣì wà lórí rẹ̀.

"À ń kọ́ yàrá!" ni Àmúdà ké. "Bàbá ní ká má—"

Àdìjátù da omi tó kù nínú garawa lé e lórí. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, kò sì parí ohun tó ń sọ mọ́. Ṣùgbọ́n Àwáwù ti gbọ́ èyí tó tó o.

"Yàrá ta ni, Bàbá Àdìjátù?"

Ràsáàkì kò gbé ojú sókè. "O kú oko o, Ìyá Àdìjátù. Ọmọ ò gbọdọ̀ dàgbà kó má mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri. Jẹ́ ká parí ẹ̀ ná. Wàá rí i."

Àwáwù wo ibi tí wọ́n fi okùn là sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ ni, kò jìnnà sí ìkòkò omi, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ṣí sí àgbàlá níbi tí oòrùn ti ń ràn jù. Ta ni í kọ́ yàrá sí ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀? Ó rò ó títí, ó sì rí ìdáhùn tó dùn ún jù: kí ẹni tí wọ́n ń kọ́ ọ fún má baà rìn jìnnà tó bá fẹ́ lọ wẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń kẹ́ nìyẹn. Òun tó ti ń gbé garawa omi la àgbàlá kọjá láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, ta ló ro ti balùwẹ̀ mọ́ ọn?

Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìwéré-Ilé, bàbá rẹ̀ kọ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀. Àṣà ni láàárín àwọn èèyàn wọn, ó sì wà ní agbo ilé tiwa náà, pé ìyálé ló ń pa ilẹ̀ yàrá ìyàwó tuntun. Á po ìgbẹ́ màlúù mọ́ amọ̀ kíkúnná, á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ilẹ̀ náà láti ìdí ògiri títí dé ẹnu ọ̀nà, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn sí ẹni tó ń bọ̀. Ìyá Àwáwù pa á, ó dán, àwọn èèyàn sì yìn ín. Kò pẹ́ tí ìyàwó wọlé tán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù ìyálé síta díẹ̀díẹ̀, títí tó fi di ẹni tí ń sùn nílé ìdáná, tó sì kó lọ sílé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Àwáwù ló ru ẹní tẹ̀ lé e. Nígbà tí Ràsáàkì wá ń fẹ́ ẹ, ohun kan ṣoṣo ló bá a ṣàdéhùn: òun kò ní pa ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tó bá kọ́ yàrá ìyàwó, kó yáa mọ̀ pé òun ti lọ. Ràsáàkì ní ó dáa. Ó ní Àwáwù nìkan ti tó òun.

Láti ọjọ́ amọ̀ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan.

Ó rántí kẹ̀kẹ́ ológeere tí Ràsáàkì fẹ́ràn ju ẹran iléyá lọ, tó ṣàdédé tà. Ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun. Ẹsẹ̀ wo? Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ amọ̀ kọ́ ni? Ó rántí oko Ràsáàkì tó wà lẹ́bàá odò Òfìkì, oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tó ti ní kí àbúrò òun máa dá báyìí, ó ní àwọn kòkòrò odò ń jẹ òun jù. Ìgbà wo ni kòkòrò kò ti jẹ ẹ́ níbẹ̀? Ó rántí ìrìn àjò Ìbàdàn tí Ràsáàkì àti Àdìjátù lọ, tí wọ́n ní àwọn ń lọ kí ẹbí, tí wọn kò sì mú ọ̀rọ̀ ẹbí kankan bọ̀. Lẹ́yìn ìrìn àjò náà, nígbà tó ń fọ dàńṣíkí ọkọ rẹ̀, ó bá ìgò kékeré kan nínú àpò. Ó kọ́kọ́ rò pé lọ́fínńdà ni. Ó gbóòórùn rẹ̀, kò ta sánsán rárá. Ìyẹn ló wá bà á lẹ́rù jù, nítorí kí ni ọkùnrin fẹ́ fi omi inú ìgò tí kò ní òórùn ṣe, bí kò bá ṣe oògùn tó fẹ́ fi fa ojú obìnrin mọ́ra? Ó dá ìgò náà padà síbi tó ti mú un.

Ọjọ́ ọjà ló wá jẹ́ kó dá a lójú pátápátá. Àwáwù wà nídìí àwọn aláta nígbà tó rí ọkọ rẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbé ọwọ́ lé Ọ̀ṣẹ́nì léjìká bí ọ̀rẹ́. Àwáwù rẹ́rìn-ín sí i. Ràsáàkì ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì kọjá. Apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀. Kò kí i, kò wò ó, kò tilẹ̀ yí ọrùn. Ọ̀ṣẹ́nì ló bojú wẹ̀yìn, tó rí ìyá rẹ̀, tó sì yára yíjú kúrò.

Àwáwù fi ata sílẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn, ó fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn oníṣu. Ibo ni wọ́n yà sí? Ọ̀dọ̀ Dúróríkẹ́ oníkòkò ni. Opó ni Dúróríkẹ́, ó ní èjí lẹ́nu, ó sì mọ̀ ọ́n rẹ́rìn-ín. Ràsáàkì lóṣòó síwájú rẹ̀. Ó mú àpáàdì ìkòkò kan, ó fi ọwọ́ pa á lára jẹ́jẹ́, ó tún mú òmíràn, ó pa òun náà lára. Dúróríkẹ́ ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń ṣa àpáàdì fún un látinú òkìtì àwọn ìkòkò tó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dìde, agbọ̀n kan kún fún àpáàdì lórí Ọ̀ṣẹ́nì.

"Kí ni bàbá yín lọ ṣe nídìí ìkòkò?" Àwáwù bi ọmọ náà nígbà tí wọ́n délé.

"Ó lọ kí Ìyá Oníkòkò ni."

"Kí ni wọ́n jọ sọ?"

Ọ̀ṣẹ́nì wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bàbá ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni."

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin! Ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwáwù fẹ́ gbá a létí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lọ. Ọmọ náà kọ́ ló jẹ̀bi níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí ní agbo ilé, Àpọ́nlé kì í jìnnà. Ìyàwó ilé bíi ti Àwáwù ni, ọdún kan náà ni wọ́n jọ wọlé ọkọ, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìdérí. Ó gbé ìjókòó rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà Àwáwù bí ẹni tó fẹ́ wá yọ́ òrí.

"Àwáwù, mi ò fẹ́ bá ẹ dá nǹkan sílẹ̀ o."

"Sọ ọ́."

"Láàárọ̀ yìí, mo dúró síwájú ọkọ ẹ nídìí ìkòkò omi. Èmi Àpọ́nlé, bí mo ṣe sanra tó yìí. Ó wò mí, ó ní, 'Àwáwù, bá mi bu omi díẹ̀.' Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Mo dákẹ́. Ó tún ní, 'Àwáwù, ṣé o ń bínú ni?'" Àpọ́nlé pàtẹ́wọ́. "Ọkùnrin tí ọkàn ẹ̀ bá ti wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì, gbogbo ẹni tó kù nílé, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo sọ o."

Àwáwù bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn ún gbọ́. Nígbà tí Àpọ́nlé lọ tán, ó wọ inú yàrá, ó sì sunkún. Mo gbọ́ ọ. Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ lọ bi Ràsáàkì léèrè fúnra mi, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní kí n fi ẹnu mi sílé.

Yàrá ń ga sí i. Ohun tó ń dun Àwáwù jù kò ju pé ọwọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ ló ń kọ́ ọ. Tí wọ́n bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, wọn kì í dúró jẹun mọ́, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń sáré gbà. Ràsáàkì á ní, "Àdìjátù, wo okùn yẹn fún mi, ṣé ó gún?" Àdìjátù á ní ó gún. "Ọ̀ṣẹ́nì, mú ọwọ́ mi débi tó ti ga." Ọ̀ṣẹ́nì á mú un débẹ̀. Àmúdà á máa tẹ àpáàdì mọ́ ara ògiri, bàbá rẹ̀ á máa fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, á ní, "Èyí dáa. Èyí wọlé jù, fà á síta díẹ̀." Ẹ̀rín wọn ń dé ọ̀dọ̀ mi. Ní ti òótọ́, n kò tíì rí bàbá àti àwọn ọmọ tó ṣiṣẹ́ báyẹn rí ní agbo ilé wa, ká ní kì í ṣe ohun tí gbogbo wa ń fura sí ni, ǹ bá ní ó wù mí.

Àwáwù pe Àdìjátù sínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìwọ lo dàgbà jù. Sọ fún mi. Ta ni wọ́n ń kọ́ yàrá yẹn fún?"

Ojú ọmọ náà pọ́n. "Ìyá, mo ti búra fún Bàbá."

"O mọ̀ ọ́n, àbí o ò mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ náà fẹ́ràn ẹ̀?"

Àdìjátù wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Mo fẹ́ràn ẹ̀, Ìyá," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwáwù ṣí ilẹ̀kùn fún un pé kó máa lọ. Tí ọmọ tí òun bí bá ti fẹ́ràn ìyàwó bàbá rẹ̀ débi tó ń sunkún nítorí rẹ̀, kí ló tún kù tí òun ń dúró dè?

Nígbà tí wọ́n kan páànù lé yàrá náà tán, Ràsáàkì fúnra rẹ̀ wá bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá Àdìjátù, iṣẹ́ kù díẹ̀. Ilẹ̀ ló kù. Àwọn ọmọ ò lè pa á kó dán. Mo fẹ́ kó tẹ́jú dáadáa, kó má sí ibi tó máa gbé èèyàn ṣubú. Ìwọ ni mo fẹ́ kó o bá mi pa á."

Àwáwù kò gbọ́ ìyókù. "Pa á" nìkan ló gbọ́. Ó rí ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nínú ìgbẹ́ màlúù dé ìgbọ̀nwọ́.

"Mo gbọ́," ló wí.

"O ṣeun. Tó o bá pa á tán, màá sọ gbogbo ẹ̀ fún ẹ. Mo ṣèlérí."

"Mo ní mo gbọ́, Bàbá Àdìjátù."

Ọjọ́ Jímọ̀ ló tẹ̀ lé e. Ràsáàkì kó àwọn ọmọkùnrin lọ sí mọ́sáláṣí, Àdìjátù lọ pọn omi. Àwáwù nìkan ló kù nílé. Ó wọ yàrá tuntun náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Àwọn àpáàdì náà tò sára ògiri, wọn kò ga ju ìbàdí èèyàn lọ, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n fi amọ̀ mọ bẹ́ẹ̀dì sí, wọ́n yí ògiri ká, wọ́n jáde gba ẹnu ọ̀nà. Níta, wọ́n tún pín sí mẹ́ta: àwọn kan lọ sí balùwẹ̀, àwọn kan lọ sídìí ìkòkò omi, ìyókù lọ títí dé ibi pẹpẹ amọ̀ kékeré kan tí èèyàn lè jókòó sí yáàrùn. Àwọn kan nínú wọn ní ọnà lára, àwọn kan dán bí awọ ara. Ẹ̀ṣọ́ ni. Láti ọjọ́ tí Àwáwù ti dé ilé yìí, kò sẹ́ni tó fi nǹkan ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́ fún un. Àpáàdì Dúróríkẹ́ sì ni gbogbo wọn.

Ó mú ọ̀bẹ. Amọ̀ kò tíì gbẹ tán, èyí àkọ́kọ́ sì yọ wẹ́rẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, àpá ọmọ ìka kékeré kan wà nínú amọ̀, ti Àmúdà ni. Àwáwù dúró wò ó. Lẹ́yìn náà ni ìbínú rẹ̀ tún wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí kí ló dé tó fi jẹ́ ìka ọmọ òun ni wọ́n fi ṣe é? Ó yọ gbogbo wọn, ti inú àti ti ìta, ó sì wọ́ wọn jọ sí kọ̀rọ̀ kan.

Ó wọ yàrá ara rẹ̀, ó di ẹrù. Ó kó aṣọ sínú bàsíà ńlá, ó fi aṣọ òkè pupa tó ró wọlé ọkọ dì í, ó ta á ní kókó. Kò gbé e lọ sí ìdíkọ̀. Ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá tuntun, láàárín gbùngbùn ibi tí èèyàn máa gbà wọlé, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ó fẹ́ kó rí i. Ó fẹ́ kí aṣọ pupa yẹn jẹ́ ohun tí Ràsáàkì máa kọ́kọ́ rí, kó tó rí ògiri, kó tó rí ilẹ̀ tí òun kò pa. Ó wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti tò ó tán.

Èmi ń sá èlùbọ́ lórí òrùlé ilé ìdáná wa. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí.

Àwọn ọmọkùnrin ti dúró ra àkàrà lójú ọ̀nà, Ràsáàkì nìkan ló wọlé wá. Ó gba inú ilé já sí àgbàlá, fìlà funfun ní orí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó ń rìn kánmọ́kánmọ́ bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Nígbà tó dé ara ògiri yàrá tuntun, ó na ọwọ́ òsì sí i. Ọwọ́ náà ń wá nǹkan. Ó lọ sókè, ó lọ sílẹ̀, ó padà sẹ́yìn, ó tún lọ síwájú. Ràsáàkì dúró.

"Ọ̀ṣẹ́nì?" ló pè, jẹ́jẹ́. "Ta ló yọ wọ́n?"

Àwáwù wà níwájú rẹ̀. Tó bá na ọwọ́ kejì, á kàn án. Kò rí i. Ó gbé ẹsẹ̀, ó gbé èkejì, ó sì lọ gbá ẹrù náà. Bàsíà ńlá, aṣọ pupa, nínú oòrùn. Ó ṣubú lé e lórí gbàgà, fìlà rẹ̀ fò lọ, tẹ̀sùbáà já.

Kò ké. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ohun tó gbé e ṣubú. Ó kan etí bàsíà. Ó kan aṣọ náà, ó fi ìka tọ ojú ọnà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kan kókó tí Àwáwù ta. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára kókó náà mọ́.

"Aṣọ tó o fi wọlé lèyí," ló wí, kò kọjú sí Àwáwù. Ibi ìkòkò omi ló kọjú sí. "Àwáwù. Ṣé o ti lọ ni?"

Àwáwù la ẹnu, gbogbo ọ̀rọ̀ tó tò sílẹ̀ sì pòórá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ síwájú ojú rẹ̀, ó ń jù ú sọ́tùn-ún sósì. Ojú náà là sílẹ̀, kò ṣẹ́jú.

"Mo wà níbí," ló wí. "Bàbá Àdìjátù, kí ló ṣe ojú yín?"

Àdìjátù ló dáhùn, tó ti ibi omi dé, tó sì ju garawa sílẹ̀ nígbà tó rí bàbá rẹ̀ nílẹ̀. "Ojú wọn ti ń lọ, Ìyá. Dókítà tá a lọ bá ní Ìbàdàn ní kò sí ohun tóun lè ṣe sí i mọ́. Ó kàn fún wọn ní omi ojú. Mo fẹ́ sọ fún yín. Wọ́n ní kí n búra."

"Ṣé ẹ̀ ń rí mi?" Àwáwù bi ọkọ rẹ̀.

"Nígbà míì. Bí ẹni ń gba ihò abẹ́rẹ́ wo nǹkan. Tó o bá dúró síwájú mi gan-an, tí oòrùn ò sì pọ̀ jù, mo máa ń rí i pé èèyàn ni." Ó nu erùpẹ̀ kúrò ní ìgbọ̀nwọ́. "Kòkòrò odò Òfìkì yẹn náà ló mú ojú bàbá mi lọ. O ò bá wọn láyé. Èmi ni mo ń fa ọ̀pá wọn. Láti kékeré, tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀, èmi. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n, èmi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣeré, èmi wà nídìí ọ̀pá. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀ṣẹ́nì. Mo ní kí àwọn ọmọ jẹ́ ká jọ ṣe yàrá tí màá lè máa dá rìn nínú ẹ̀. Tí mo bá ti kan àpáàdì, mo ti mọ ibi tí mo wà."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ìyá mi lọ," ló wí. "Nígbà tí ojú bàbá mi fọ́. Wọ́n di ẹrù wọn báyìí."

Ojú ti Àwáwù débi pé ó jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sunkún, kò sì bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó tú kókó ẹrù náà, ó fa aṣọ pupa yọ, ó sì sán an mọ́dìí bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́. Ó ní kí Àdìjátù lọ bu amọ̀ wá.

Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin dé pẹ̀lú àkàrà, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àmúdà rí ògiri, ó fẹ́ figbe ta, ìyá rẹ̀ sì sọ fún un pé òun lòun yọ wọ́n, pé òun ni kò mọ̀, kó wá fi ibi tí ìkọ̀ọ̀kan wà han òun. Ó ní kí Ràsáàkì dìde kó fara ti ògiri, kó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe máa ń sọ̀. Ibi tí ọwọ́ náà dé ló ń sàmì sí. Ọ̀ṣẹ́nì ń po amọ̀, Àdìjátù ń fi sí ihò, Àmúdà ń tẹ àpáàdì wọlé. Ràsáàkì ń tẹ̀ lé wọn, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n ṣe ti inú tán, wọ́n jáde síta. Wọ́n ṣe èyí tó lọ sí balùwẹ̀, àti èyí tó lọ sídìí omi, àti èyí tó lọ síbi pẹpẹ. Àwáwù nà ró, ó wo gbogbo rẹ̀.

"Bàbá Àdìjátù, èyí tó lọ sí yàrá tèmi dà?"

Ràsáàkì fi ọwọ́ wá àpáàdì tó gbẹ̀yìn lára ògiri.

"A ò ṣe é," ló wí. "Mi ò mọ̀ bóyá wàá ṣì wà níbẹ̀ tí mo bá débẹ̀."

Àwáwù wo ògiri tó ti ibẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ó wo àpáàdì tó kù nílẹ̀. Kò tó nǹkan.

"Ṣé kí n sáré lọ tọrọ sí i lọ́wọ́ Ìyá Oníkòkò?" Ọ̀ṣẹ́nì bi í.

"Jókòó síbẹ̀," ni Àwáwù wí. "Ẹnikẹ́ni ò ní fi àpáàdì Dúróríkẹ́ júwe ọ̀nà yàrá mi fún ọkọ mi."

Ó tú okùn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó wọlé, ó sì gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ jáde, èyí tó dára jù, èyí tí kì í yá ẹnikẹ́ni, tó kọ̀ láti yá èmi náà nígbà ìkómọ àbíkẹ́yìn mi. Ó là á mọ́lẹ̀ láàárín àgbàlá. Ó ní kí Àmúdà máa ṣa á wá.